Ọ̀nà Kẹ́míìsì Nìkan Kọ́

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi ní Tunga, ẹ jẹ́ ká bára wa sòótọ́. Bí ara kò bá dá, ta là ń rán níṣẹ́? Ọmọ ni. A ó fún un lówó, a ó ní, "Sọ fún oníkẹ́míìsì pé ara ń gbóná, orí ń fọ́, gbogbo oríkèé ń ro mí." Oníkẹ́míìsì á ṣa oríṣiríṣi oògùn sínú ọ̀rá pénpé, ọmọ á gbé e wálé, àwa á dà á sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ yẹn ti kẹ́kọ̀ọ́ ilé, bí a ò tilẹ̀ mọ̀ pé à ń kọ́ ọ.

N ò bá oníkẹ́míìsì jà o. Òun là ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lóru, òun náà ló ń tà wá láwìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ìka kín-ún ni nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé máa kán sórí ike àyẹ̀wò, kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé, ẹ ti mọ̀ bóyá ibà ni tàbí kì í ṣe ibà. Ti ẹ̀jẹ̀ ríru tilẹ̀ le jùyẹn lọ, torí kì í sábà dunni. Èèyàn lè máa gbé 170/110 kiri ọjà, kó máa ná ata, kó máa rẹ́rìn-ín. Bí ìfúnpá bá ń dé 140/90 léraléra, ó ti di ọ̀rọ̀ dókítà.

Olikoye Ransome-Kuti, tó di mínísítà ìlera ní 1985, ló tẹpẹlẹ mọ́ ètò ìlera alábọ́ọ́dé, kí ìtọ́jú lè sún mọ́ ẹnu ọ̀nà wa. Òfin ìlera 2014 ya owó sọ́tọ̀ fún un. Òfin 2022 sì sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. NiCare ni ètò adójútòfò ti ìpínlẹ̀ Niger wa níbí. Mélòó nínú wa ló ti lọ béèrè bí wọ́n ṣe ń forúkọ sílẹ̀? Bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá owó aṣọ ẹbí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọbìnrin, láti oṣù kẹwàá 2023 ni Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Àhesọ tó ń kiri pé á sọ ọmọ di àgàn, irọ́ gbuu ni. Ẹ bi nọ́ọ̀sì léèrè níṣojú ọmọ náà, kó rí bí àgbà ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ láì tijú. Bí nọ́ọ̀sì bá ń sọ Hausa, ọmọ yín ni yóò ṣe ògbufọ̀. Àwọn ọmọ kúkú gbọ́ Hausa jù wá lọ.

Ẹ má dúró dìgbà tí àìsàn bá dé. Ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù yín lọ́jọ́ tí ara gbogbo yín le, kí nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá tiyín lójú wọn, kí ọmọ tó mọ̀ ọ́n kọ jù sì kọ iye rẹ̀ àti ọjọ́ rẹ̀ sínú ìwé kan tí ẹ ó máa tọ́jú sílé.