Lẹ́tà sí Ẹ̀gbọ́n Mi Nípa Àbẹ̀kẹ́ Tí Ń Bọ̀ Wá Gbé Ilé Akẹ́kọ̀ọ́

Chicago, Amẹ́ríkà,
Oṣù Agẹmọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, àti ìyá Àbẹ̀kẹ́,

Mo bá yín yọ ayọ̀ ńlá pé Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Ṣọ̀ún, ọmọ Ajílété, ti rí físà gbà, tí yóò sì wọ yunifásítì ní ìpínlẹ̀ Illinois yìí bí oṣù Ògún bá ń parí lọ. Ẹ bi mí pé kí ni kí ẹ dì sínú àpótí rẹ̀. Ti àpótí kò le. Ẹ má ra aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì, nítorí bẹ́ẹ̀dì ilé akẹ́kọ̀ọ́ níhìn-ín sábà máa ń gùn ju èyí tí a mọ̀ nílé lọ. Ẹ má di ẹran gbígbẹ, àwọn aṣọ́bodè yóò gbà á. Ẹ má sì di sítóòfù, nítorí wọn kì í jẹ́ kí a dáná nínú yàrá, èéfín díẹ̀ ni agogo iná yóò fi dún, tí gbogbo ilé yóò sì tú síta. Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí ẹ kò bi mí, òun ni ó sì wúwo jù lọ́kàn mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láyè kí n sọ ọ́, nítorí ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀.

Láti ọjọ́ tí Àbẹ̀kẹ́ bá ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga níhìn-ín, bí kò tilẹ̀ tíì pé ọmọ ọdún 18, òun gan-an ni ilé-ẹ̀kọ́ yóò máa bá sọ̀rọ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ kan tí wọ́n ṣe ní 1974, tí wọ́n ń pè ní FERPA, fi àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí ìkáwọ́ rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, bí ẹ̀yin tí ẹ ń san owó bá kọ̀wé pé kí wọ́n fi máàkì rẹ̀ hàn yín, wọ́n lè fi ọ̀wọ̀ dá yín lóhùn pé àwọn kò láṣẹ, àfi bí ọmọ náà bá fọwọ́ sí ìwé, tàbí bí ọ̀ràn pàjáwìrì bá dé. Kò sí ọ̀gá tí yóò ránṣẹ́ pe òbí bí wọ́n ti ń ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ girama wa. Ẹnu ọmọ náà ni ẹ ó ti máa gbọ́ bí ó ti ń jẹun, bí ó ti ń sùn, àti bí ìwé ti ń lọ. Nítorí náà, gbogbo ìrànlọ́wọ́ tí ẹ lè ṣe fún un láti Ògbómọ̀ṣọ́, orí ohun kan ni ó dúró lé: kí ó lè sọ òótọ́ fún yín láìbẹ̀rù, àgàgà òótọ́ tí kò dùn.

Mo jókòó ti ọmọ ará wa kan nígbà tí ìpè wọlé láti ilé. Baba kọ́kọ́ gbàdúrà. Ìyá gbà á, ó béèrè bóyá ó ti jẹun. Ó di ọwọ́ ìyá àgbà, ó di ọwọ́ bọ̀dá, ó di ọwọ́ alájọgbé, kálukú sì ń ké sí i pé kí ó rántí ọmọ ẹni tí í ṣe. Ọmọkùnrin náà jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi èékánná ya bébà ara ìgò omi díẹ̀díẹ̀, ó ń dáhùn pé, “Ẹ ṣé, sà,” “A dúpẹ́, mà,” títí ìpè fi parí. Ó ti ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí ó ti wọ kíláàsì gbẹ̀yìn, nítorí pé ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìṣirò. Nínú gbogbo àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ dénú wọ̀nyí, kò sì sí ẹnì kan tí ó fún un láyè láti wí i.

Mo bẹ̀ yín, kí ìpè ẹbí wà lọ́tọ̀, kí ti ẹ̀yin méjèèjì náà sì wà lọ́tọ̀, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní wákàtí tí òun fúnra rẹ̀ bá dá. Bí ẹ bá pè é lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀ ní agogo mẹ́fà, agogo méjìlá òru ni níbí, ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá yóò sì ti sùn. Bí ó bá wá sọ pé òun kò yege, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye owó tí ẹ ti ná. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ṣùgbọ́n ìbáwí a máa gba inú tẹlifóònù kọjá dáadáa, ìfàmọ́ra ni kì í kọjá. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó: ẹ pè é jókòó kí ó tó wọ bàálù, kí ẹ sọ ọ́ sí i létí pé kò sí ìròyìn tí yóò mú wá tí yóò mú kí ẹ kọ̀ ọ́ lọ́mọ.

Ọmọbìnrin tí Àbẹ̀kẹ́ kò rí rí ni wọn yóò jọ gbé yàrá kan náà, ẹni tí ó lè tan iná di ọ̀gànjọ́, tí ó sì lè mú àlejò wọlé láìtọrọ àyè. A kọ́ Àbẹ̀kẹ́ nílé pé sùúrù ni baba ìwà, òótọ́ sì ni; ṣùgbọ́n níhìn-ín, ẹni tí kò bá sọ̀rọ̀, wọ́n á gbà pé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn ni. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, àwọn méjèèjì yóò jókòó ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, wọn yóò kọ àdéhùn sílẹ̀ nípa oorun, àlejò àti ìmọ́tótó, akẹ́kọ̀ọ́ àgbà kan tí wọ́n ń pè ní RA, tí ń gbé inú ilé náà pẹ̀lú wọn, yóò sì máa dá sí i bí ìjà bá fẹ́ dé. Kí ó lọ bá a ní kíákíá, ẹ má pè é ní aláròyé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn agbaninímọ̀ràn tí ilé-ẹ̀kọ́ gbà síṣẹ́ fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Oṣù Bélú ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù, nígbà tí oòrùn ń wọ̀ ní bí agogo mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, tí òtútù ti dé, tí àárò ilé sì ń sọ ni. Bí ó bá ní òun lọ rí àwọn agbaninímọ̀ràn náà, ẹ má pariwo pé orí ọmọ yín ti dàrú. Àdúrà tí ẹ ń gbà fún un kò ní kí ó má lọ.

Ti owó ńkọ́? Físà rẹ̀ kò jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ, inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ni iṣẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ wà ní ọdún kìn-ín-ní. Bí ó bá rú òfin yìí, ó lè pàdánù físà náà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí má fi ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ tàbí ìnáwó òkú ránṣẹ́ sí i. Bọ̀dá, ẹ̀yin ni olórí ilé, ẹ̀yin ni kí ẹ dúró síwájú wọn. Kí ẹ̀yin náà sì sọ iye tí agbára yín ká fún un láìfi bò. Bí náírà bá já wálẹ̀ tí owó yóò pẹ́, kí ó gbọ́ ṣáájú ọjọ́ tí ó ń retí rẹ̀. Òótọ́ tí a ń fẹ́ lẹ́nu ọmọ, ẹnu wa ni ó ti yẹ kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ọ̀pọ̀ ilé akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń tì ní ìsinmi Kérésìmesì. Ọ̀dọ̀ mi ni yóò wà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n n kò ní ṣe amí fún yín: ohun tí ó bá sọ fún mi, n óò rọ̀ ọ́ kí ó sọ fún yín fúnra rẹ̀, àfi bí ó bá jẹ́ ọ̀ràn ẹ̀mí.

Ẹ fi ọjọ́ tí bàálù rẹ̀ yóò gúnlẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú O'Hare ránṣẹ́ kí n lè tọrọ àyè níbi iṣẹ́, kí ìwé àjẹsára rẹ̀ sì wà nínú báàgì ọwọ́ rẹ̀. Ẹ bá mi kí Ìyá.

Èmi ni,
Àbúrò yín.