Òòyì Ìyá Mi

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí á tó lè wo àìsàn, aláìsàn ní láti sọ ohun tí ń ṣe é, ẹni tí yóò wò ó sì ní láti gbọ́. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti kùnà, èmi tí mo ń pe ara mi ní akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá. Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ gbọ́ ẹjọ́ mi.

Èlùbọ́ ni ìyá mi ń tà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí wọ́n ti yí ara padà lórí ibùsùn láti dìde, ńṣe ni wọ́n figbe ta pé ilé ń yí. Kò pẹ́ tí ó fi dáwọ́ dúró. Wọ́n bì díẹ̀, wọ́n sì gba ọjà lọ. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ láti bu èlùbọ́ nínú àpò, tàbí tí wọ́n gbójú sókè, òòyì ti dé. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n ṣubú lu igbá èlùbọ́ wọn lójú àwọn oníbàárà.

Àwọn kan ní ibà ni. Àwọn kan ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ẹnì kan rọra sọ fún wọn létí pé kí wọ́n wo ẹ̀yìn wò, pé iṣẹ́ ayé ni. Àgbo dé, àdúrà dé, òòyì kò lọ.

Ni mo bá mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn kan nítòsí. Ọmọlúàbí ni dókítà tí a bá níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́ Yorùbá, mo sì di ògbufọ̀. Ìyá mi sọ pé, "Bí mo bá ti yí sí apá ọ̀tún, òòyì á kọ́ mi, ilé á máa yí, kò ní í pẹ́ kò ní í jìnnà, á tún lọ." Mo fẹ́ ṣe kíá, mo sì tún fẹ́ kí dókítà rí i pé Gẹ̀ẹ́sì mi já gaara. Mo sọ fún un pé ó ń rẹ màmá mi, pé ojú wọn a máa ṣú bí wọ́n bá dìde. Mo fi apá ọ̀tún sílẹ̀, mo fi ilé tí ń yí sílẹ̀. Ohun tí mo sọ ni dókítà náà tọ́jú: ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó sì fún wọn ní oògùn tí ń fún ni lẹ́jẹ̀. Ẹyin lohùn; bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni ń fọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìyá mi ṣubú ní ẹ̀yìnkùlé níbi tí wọ́n ti ń sá aṣọ. Ọrùn ọwọ́ wọn ṣẹ́. Oṣù méjì ni wọn kò fi dé ọjà, owó ilé ẹ̀kọ́ mi sì bá a lọ.

Ní ilé ìwòsàn ńlá tí a gbé ọwọ́ náà lọ ní Ìbàdàn, wọ́n ní kí a lọ rí dókítà etí. Ẹnu yà mí. Kí ni ó kan etí nínú ọ̀rọ̀ òòyì? Àgbàlagbà ni dókítà náà, Yorùbá ni ó sì bá ìyá mi sọ.

"Màmá, ṣé ilé ni ó ń yí ni, àbí ojú yín ni ó ń ṣú, àbí ẹsẹ̀ yín ni kò dúró dáadáa nílẹ̀?"

"Ilé ni ó ń yí, dókítà."

"Ó máa ń pẹ́ tó bí?"

"Kí ènìyàn tó ka oókan dé ọgọ́ta, ó ti lọ."

"Kí ni ẹ máa ń ṣe lọ́wọ́ tí ó fi ń dé?"

"Bí mo bá ti yí sí apá ọ̀tún ni."

Ìbéèrè mẹ́ta péré! Ìyá mi ti dáhùn gbogbo wọn ní ilé ìwòsàn àkọ́kọ́. Èmi ni mo gbé ìdáhùn mì.

Dókítà ṣàlàyé pé inú etí lọ́hùn-ún ni ara ti ń mọ̀ bóyá òun dúró tàbí òun ń yí. Ihò tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta tí ó tẹ̀ kọrọdọ ni ó wà níbẹ̀, omi sì kún inú wọn. Iṣẹ́ tí Robert Bárány ṣe lórí ẹ̀yà ara yìí ni ó fi gba ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1914. Òkúta wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí wà nítòsí àwọn ihò náà. Irú èròjà tí ó wà nínú ìkarahun ìgbín ni ó wà nínú wọn. Bí díẹ̀ bá ṣí kúrò ní àyè rẹ̀ tí ó bọ́ sínú ihò kan, bí a bá ti yí orí, ọpọlọ yóò rò pé gbogbo ara ni ó ń yí.

Dókítà yí orí ìyá mi sí ọ̀tún, ó sì dá wọn dùbúlẹ̀ kíá. Lójú mi ni ẹyinjú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Nígbà tí ó rọlẹ̀, ó yí orí wọn sí òsì, ó yí gbogbo ara wọn tẹ̀ lé e títí ojú fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ilẹ̀, ó sì gbé wọn jókòó. John Epley, dókítà ará Amẹ́ríkà, ni ó kọ̀wé nípa ọ̀nà yìí ní 1992, kí òkúta náà lè padà sí àyè rẹ̀. Wọ́n tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ kejì, òòyì sì lọ. Dókítà kìlọ̀ pé ó lè padà wá, àti pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá a ṣe fún ẹlòmíràn láìjẹ́ pé a ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Kì í ṣe gbogbo òòyì ni ó ti etí wá. Àìtó ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru pàápàá lè mú kí ojú ṣú ni. Bí ó bá sì dé pẹ̀lú ẹnu tí ó wọ́, ọ̀rọ̀ tí kò já geere, tàbí apá tí kò ṣe é gbé, ó lè jẹ́ rọpárọsẹ̀. Kí á sáré gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀.

Ní sáà tí mo tú ọ̀rọ̀ ìyá mi nítùúkutùú yẹn gan-an ni mo gba máàkì rere nínú ẹ̀kọ́ ìtumọ̀ èdè. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá sin òbí yín lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ má ṣe gé ọ̀rọ̀ wọn kúrú. Ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, ẹnu wọn ni ó lè wà.

Ìyá mi ti padà sí ọjà. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé mo ń kọ ìtàn yìí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n má tún gbàgbé apá ọ̀tún.