Bí A Ṣe Kọ́ GDB Ní Èdè Lisp

Àwọn kan nínú yín ti ń béèrè bí ìtàn agbo ilé ìyá wa àgbà ṣe bọ́ lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà tí ó dákú mọ́ wa lọ́wọ́. Ìdáhùn rẹ̀ gùn díẹ̀, ó sì kan ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fojú rí nínú ẹ̀rọ, nítorí náà ẹ fún wa ní sùúrù.

Emacs ni àwa ọmọ ìyá méjì fi ń tẹ ohun tí màmá bá ń sọ fún wa láti Ìsẹ́yìn lórí tẹlifóònù. Richard Stallman ni ó gbé GNU Emacs jáde ní 1985. Èdè C ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n Lisp, èdè tí John McCarthy dá sílẹ̀ ní MIT ní 1958, ni wọ́n fi kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè kọ àfikún tirẹ̀ ní Lisp kí ó sì so ó mọ́ ọn. Irú àfikún bẹ́ẹ̀ kan, tí a gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn láti bá wa to àmì ohùn, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí po lójú kan ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ó sì ti pàṣẹ fún Emacs pé kò gbọdọ̀ gbọ́ ìdádúró títí òun yóò fi ṣe tán. Gbogbo rẹ̀ gan pa.

Emacs a máa fi iṣẹ́ pamọ́ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti tẹ bọ́tìnì nígbà 300. Ẹni tí ó bá ń tẹ Yorùbá mọ̀ pé 300 kò tó nǹkan, nítorí lẹ́tà kan tí ó ní àmì nísàlẹ̀ àti lórí lè gba ìtẹ̀ mẹ́ta. Ìlà mẹ́fà ni kò sí nínú èyí tí ó fi pamọ́. Ìlà mẹ́fà yẹn gan-an ni orúkọ àwọn tí ó tẹ agbo ilé wa dó. Màmá ti lé ní 90 ọdún. Ó ti rẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó dé ibẹ̀, wọ́n sì ti sọ pé àwọn kò ní tún un sọ mọ́. Bí a bá pa Emacs, ó parí nìyẹn.

GDB ni ó kù. Ètò tí a fi ń wo inú ètò mìíràn ni, Stallman náà ni ó sì kọ́kọ́ kọ ọ́, ní 1986. Ó lè so mọ́ ètò tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kí ó dá a dúró láìpa á, kí ó sì ka ohun tí ó wà ní ìrántí rẹ̀. (Lórí Linux tiwa, àfi ìgbà tí a wọlé pẹ̀lú àṣẹ alákòóso ni ó tó gbà.) Wàhálà ibẹ̀ ni pé GDB gbọ́ C, kò gbọ́ Lisp. Ohunkóhun tí a bá ní kí ó fi hàn wá, nọ́ńbà gbọọrọ kan ni. Àrokò ni ọ̀ràn náà. Bí a bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹni tí ó mọ̀, yóò mọ̀ pé ọkàn wa fà sí òun. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ka owó ẹyọ mẹ́fà.

Àrokò Emacs kò sì le púpọ̀. Lórí kọ̀ǹpútà òde òní, bíìtì 64 ni ó dúró fún ohun Lisp kọ̀ọ̀kan. Nítorí pé àdírẹ́sì àwọn ohun wọ̀nyí jẹ́ ìlọ́po 8, bíìtì mẹ́ta tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá ṣófo, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń kọ irú ohun tí ó jẹ́ sí. Bí ẹ bá rí 4, ọ̀wọ́ lẹ́tà ni. Bí ó bá jẹ́ 3, cons ni, èyí tí í so nǹkan méjì pọ̀, tí wọ́n sì fi ń hun àkójọ gígùn. Odidi nọ́ńbà nìkan gba méjì, 2 àti 6, kí àyè rẹ̀ lè fẹ̀ sí i. Ẹ yọ àmì náà kúrò lára ọ̀wọ́ lẹ́tà, àdírẹ́sì ibi tí ó wà ni yóò kù sí yín lọ́wọ́.

Àwọn tí ń tọ́jú Emacs ti kọ ìmọ̀ yìí sílẹ̀ fún GDB nínú fáìlì kan tí ń jẹ́ .gdbinit, nínú àpò src. GDB kì í kà á bí a kò bá kọ́kọ́ sọ fún un pé a fọkàn tán ibi tí ó wà, ìyẹn sì dára, nítorí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ lè pa àṣẹkáṣẹ. Nígbà tí a gbà á láyè, àṣẹ xbacktrace to orúkọ iṣẹ́ Lisp tí Emacs ń ṣe lọ́wọ́ sílẹ̀ ní tẹ̀léńtẹ̀lé. Àfikún tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ni ó jókòó sókè. Àṣẹ pp tún wà, ṣùgbọ́n a kò fọwọ́ kàn án: ńṣe ni ó máa ń ní kí Emacs fúnra rẹ̀ dìde wá sọ̀rọ̀. Aláìsàn tí kò mọ ibi tí ó wà, a kì í bi í ní ìbéèrè. Xpr ni a lò, nítorí òun kàn ń wò ni.

Ibi tí a ti fi tiwa kún un ni ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ gan-an. Emacs kì í tò ó sójú kan. Àlàfo kan wà láàárín rẹ̀, níbi tí a ti ń tẹ̀wé lọ́wọ́, kí lẹ́tà tuntun lè rí ibi wọlé láìti àwọn yòókù sẹ́yìn. Bí a bá kà á tààrà, pàǹtí inú àlàfo náà yóò dàpọ̀ mọ́ ọn. A kọ àṣẹ kúkúrú kan tí ó wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí àlàfo wà àti bí ó ti fẹ̀ tó. Ó da apá kìíní sínú fáìlì lórí dísíìkì, ó fo àlàfo, ó sì lẹ apá kejì mọ́ ọn. Fáìlì emacs-buffer.gdb tí ó ń bá Emacs wá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ara rẹ̀ ni a ti kọ́ ọgbọ́n.

Kí a tó dà á sínú fáìlì, GDB fi díẹ̀ hàn wá lójú rẹ̀, àyà wa sì já. Gbogbo ẹ̀ ni ó kọ ní \341\272\271\314\200. Báìtì márùn-ún fún lẹ́tà kan! Ọ̀kan nínú wa bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà á: mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ẹ, méjì ìkẹyìn ni àmì ìsàlẹ̀. Ó pé.

A ṣí fáìlì náà nínú ètò mìíràn. Orúkọ mẹ́sàn-án ni, gbogbo wọn pẹ̀lú àmì ohùn wọn lórí. A tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, a sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi méjì. Lẹ́yìn náà ni a tó pa Emacs.