Ọkọ̀ Tó Súnmọ́ Ilẹ̀ Ló Mọ Ojú Títì

Ohun tó wuni ló ń pọ̀ nínú ọlà ẹni. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí ni mo fi ń dá àwọn ènìyàn lóhùn nígbà tí wọ́n bá bi mí léèrè ohun tí ọkùnrin tó ti lé ní ẹni ogójì ọdún, tó ní ìyàwó, tó bímọ, tó sì fi ọdún mẹ́rìndínlógún ṣiṣẹ́ oníròyìn, ń fi ọkọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi àyà wọ́lẹ̀ ṣe ní ìlú Ìbàdàn. Ìbéèrè náà kò burú. Gbogbo wa la mọ bí ojú títì wa ṣe rí. Ṣùgbọ́n ìdáhùn mi ti ń yí padà láti ọdún dé ọdún, ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé sọ ọ́ lónìí.

Honda Civic ti ọdún 2000 ni ọkọ̀ mi. Tòkúnbọ̀ ni nígbà tí mo rà á ní ọdún 2015. Ẹni tó kọ́kọ́ lò ó ní òkè òkun ti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó sì ti fi bọ́dì-kíìtì wọ̀ ọ́ bí ẹni wọ aṣọ ìyàwó: bọ́ńpà iwájú tó gùn wálẹ̀ bí irùngbọ̀n àgbà, ìgbátí tó bo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ní ìhà méjèèjì, àti ìyẹ́ kékeré kan lórí búùtù. Ìyá mi, tí wọ́n ti pé ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin báyìí, yí i po lọ́jọ́ tí mo gbé e délé, wọ́n ní, “Ọkọ̀ rẹ yìí mà kọ́ ẹ̀kọ́ ilé o, ó ń dọ̀bálẹ̀ kí èèyàn!” Láti ọjọ́ náà ni orúkọ rẹ̀ ti di Adọ̀bálẹ̀ nínú ilé wa.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń rẹ ọkọ̀ sílẹ̀, nítorí àwọn ọ̀dọ́ tí nǹkan náà wù. Sípíríǹgì ló ru ọkọ̀. Bí a bá yọ èyí tí ilé iṣẹ́ fi sí i, tí a sì fi èyí tó kúrú, tó sì le jù ú lọ rọ́pò rẹ̀, ara ọkọ̀ yóò wálẹ̀. Ọ̀nà tó dára ni kí a lo sípíríǹgì tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ náà, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tó bá a mu. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà ní ọgbà àwọn mẹkáníìkì wa ni kí wọ́n fi ayùn gé ìká kan tàbí méjì kúrò lára sípíríǹgì àtijọ́. Owó rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ewu rẹ̀ pọ̀. Sípíríǹgì tí wọ́n gé kì í jókòó dáadáa mọ́ ní ààyè rẹ̀, ó sì lè yẹ̀ nígbà tí táyà bá bọ́ sí kòtò. Ṣọ́ọ̀kì pàápàá kì yóò ní ààyè tó láti rìn, ọkọ̀ yóò sì máa tọ bí ọ̀pọ̀lọ́. Bí a bá ṣe é bó ti yẹ, àǹfààní rẹ̀ kọjá ti ojú lásán: ọkọ̀ tó súnmọ́ ilẹ̀ kì í fì bí ọkọ̀ gíga nígbà tí a bá ń yà ní kọ́nà.

Táyà ni ìnáwó àkọ́kọ́. Èyí tí irú ọkọ̀ yìí ń lò tẹ́lẹ̀ ni 185/65 lórí ríìmù 14; tèmi jẹ́ 195/50 lórí ríìmù 15. Nọ́ḿbà àkọ́kọ́ ni ìbú táyà ní mìlímítà, èkejì sì ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí a bá pín ìbú náà sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ẹ̀gbẹ́ táyà ti àkọ́kọ́ ga tó mìlímítà 120, tèmi kò pé 98. Ìyẹn ni pé rọ́bà àti afẹ́fẹ́ tó wà láàárín ríìmù mi àti etí kòtò ti fi ìbú ìka kan dín kù. Yàtọ̀ sí èyí, bí ọkọ̀ bá ti wálẹ̀, orí táyà a máa tẹ̀ sínú díẹ̀, etí inú ni yóò sì máa jẹ nígbà tí ti òde ṣì ń dán bí tuntun. Ẹni tí kì í bẹ̀rẹ̀ wo inú táyà rẹ̀ yóò rò pé kò sí nǹkan kan, títí wáyà inú rẹ̀ yóò fi yọ síta. Ìdí nìyí tí mo fi ń gbé Adọ̀bálẹ̀ lọ fún aláímẹ́ǹtì ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, bí ẹni ń gbé aláboyún lọ fún àyẹ̀wò.

Bọ́dì-kíìtì náà ní ìwà tirẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ike tó ń tẹ̀ ṣe wà. Tèmi jẹ́ fáíbà. Ó fúyẹ́, ó le, ṣùgbọ́n kì í tẹ̀, sísán ló ń sán. Oore tó wà níbẹ̀ ni pé ó ṣeé tún ṣe. Ọmọkùnrin kan nítòsí ọjà Arárọ̀mí ní Gate, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, ló kọ́ mi ní iṣẹ́ náà: ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀, a kì í bẹ̀rẹ̀ láti ojú. A ó fi yanrìn-pépà ha ẹ̀yìn ibi tó sán, a ó tẹ́ aṣọ fáíbà lé e, a ó fi oje tí a ti pò mọ́ oògùn tó ń mú un gan rẹ́ ẹ mọ́lẹ̀, a ó sì dúró kó le. Lẹ́yìn náà ni a ó tó dí ojú rẹ̀, tí a ó sì kùn ún. Ẹni tó bá kun ojú láìtún ẹ̀yìn ṣe, ọ̀dà lásán ló fi bo egbò. Mo sábà máa ń rántí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí mo bá rí i tí wọ́n ń dí kòtò ojú títì nígbà tí ìdìbò bá kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́.

Ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Nípasẹ̀ Adọ̀bálẹ̀, mo mọ ojú títì Ìbàdàn bí àgbẹ̀ ṣe mọ ebè oko rẹ̀. Mo mọ ibi tí a ti ń fi táyà kan ṣáájú ìkejì gun òkìtì, kí irùngbọ̀n ọkọ̀ má baà gbá a. Mo mọ ibi tí ìdérí gọ́tà ti yọ́rí, àti ibi tí wọ́n gbẹ́ títì láti ri páìpù omi, tí wọn kò sì padà wá dí i. Bí òjò bá ṣú, ilé ni Adọ̀bálẹ̀ ń wà. Èmi a wọ Micra bí àwọn ará ìlú yòókù. Ẹni tó bá rántí ohun tí omi ṣe ní ìlú wa ní ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 2011, kò ní fi ọ̀gbàrá ṣeré. Omi máa ń bo kòtò mọ́lẹ̀, ihò tí ẹ́ńjìnì fi ń mí nínú ọkọ̀ tó súnmọ́ ilẹ̀ kò sì jìnnà sí omi. Afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, omi kò ṣeé fún pọ̀. Bí ó bá ráyè wọ inú ẹ́ńjìnì tó ń ṣiṣẹ́, irin ibẹ̀ ni yóò tẹ̀.

Ìṣòro mìíràn wà tí mẹkáníìkì kò lè tún ṣe. Bí wọ́n bá ti rí irú ọkọ̀ yìí lójú pópó, ojú olè ni wọ́n fi ń wo ẹni tó ń wà á. Àwọn ọkùnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ dá mi dúró lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n tan iná sí mi lójú, ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n rí ewú orí mi ni ọ̀kan nínú wọn tó sọ pé, “Ẹ má bínú, Dádì, a rò pé ọmọ yàhúù ni.” Mo dúpẹ́, mo sì ń bá ọ̀nà mi lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Bí mo bá jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ńkọ́? Irun orí, fóònù àti ọkọ̀ tí ọ̀dọ́ ń lò tí di ẹ̀rí ọ̀ràn sí i lọ́rùn wà lára ohun tó bí ìwọ́de EndSARS ní oṣù kẹwàá ọdún 2020.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni a ti ń fi ìrísí ọkọ̀ dá ènìyàn lẹ́jọ́. Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ ìran Mẹ́síkò ló sọ rírẹ ọkọ̀ sílẹ̀ di àṣà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Wọ́n ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní lowrider. Ní ọdún 1958, òfin ìpínlẹ̀ náà sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí apá kankan lára ọkọ̀ relé kọjá ìsàlẹ̀ ríìmù. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Ron Aguirre fi ẹ̀rọ tó ń fi ọ́ìlì gbé nǹkan, irú èyí tí wọ́n ń lò lára ọkọ̀ òfuurufú, sí abẹ́ ọkọ̀ tirẹ̀: bí agbófinró bá ń bọ̀, ọkọ̀ a dìde, bí wọ́n bá lọ, a tún padà sílẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024 ni òfin tuntun tó fagi lé èèwọ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni ohun tí àwọn kan kà sí ẹ̀wà fi jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lójú ìjọba.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òkìtì àdúgbò wa ló kọ́ mi ní ohun tó jù. Ní ọdún tó kọjá, ọ̀kadà kan gbá ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní òpópónà wa, ẹsẹ̀ ọmọ náà sì ṣẹ́. Ẹgbẹ́ onílé pàdé, wọ́n ní àwọn yóò fi sìmẹ́ńtì ṣe òkìtì mẹ́rin sí ojú ọ̀nà. Ọ̀kan ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀: ó kúrú, ó ga, orí rẹ̀ sì mú bí òrùlé. Mo lọ sí ìpàdé náà. Kí n tó sọ̀rọ̀ tán ni Bàbá Alága ti dá mi lóhùn.

“Oníròyìn, ṣé nítorí kí abẹ́ mọ́tò rẹ má baà họ ni ká fi ẹ̀mí àwọn ọmọ wa ṣeré?”

Mo dọ̀bálẹ̀. “Rárá o, Bàbá. Èmi náà bímọ sí àdúgbò yìí. N kò ní kí ẹ má ṣe é, bí ẹ ó ṣe ṣe é ni mo wá bẹ̀ yín fún. Ẹ jẹ́ ká dúró sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó wà nílẹ̀ fún wákàtí kan péré, kí ẹ wo àwọn tó ń jìyà rẹ̀.”

Àwọn àgbà gbà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, a gbé bẹ́ǹṣì síta. Jíìpù ńlá mẹ́ta kọjá, wọn kò tilẹ̀ tẹ bíréèkì: òkìtì tó kúrú a máa kọjá lábẹ́ táyà ńlá kí ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ tó mọ̀. Àwọn tó dúró ni mẹ́rúwà tó ń ti bárò omi, tí kò lè gun òkìtì náà, kẹ̀kẹ́ Márúwá tó gbé aláboyún, tí obìnrin náà sì di ikùn rẹ̀ mú, àti Adọ̀bálẹ̀. Òkìtì tí a ṣe nítorí eléré ń fìyà jẹ ẹni jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó sì ń dá eléré sí.

Nígbà náà ni mo ṣàlàyé pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òkìtì tí àwọn onímọ̀ wọn ṣe fún irú iṣẹ́ yìí gùn tó mítà 3.7 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gíga rẹ̀ kò sì ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Ẹni tó bá rọra gùn ún kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó bá sáré gùn ún, ara rẹ̀ ni yóò sọ fún un. Bàbá Alága dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, “Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lejò ń gun àgbọn. Ẹ pe bíríkìlà.” A dá owó sìmẹ́ńtì jọ, a fọ́ èyí tó mú bí òrùlé, a sì ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní gígùn ẹsẹ̀ bàtà méjìlá. Mẹ́rúwà ń ti bárò rẹ̀ gun ún báyìí, àwọn jíìpù sì ń tẹ bíréèkì.

Ohun tí mo wá ń sọ fún àwọn tó ń bi mí ní ìbéèrè báyìí nìyí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà wà lọ́wọ́ wọn ní ìlú yìí ń gun ọkọ̀ tó ga, tí gíláàsì rẹ̀ ṣókùnkùn, tí kòtò kì í dùn. Wọn kò purọ́ nígbà tí wọ́n bá ní ọ̀nà dára. Lórí àga tí wọ́n jókòó sí, ó dára lóòótọ́. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn, ẹni tó ń ti bárò, aláboyún inú kẹ̀kẹ́ àti arúgbó tó ń fi ọ̀pá tilẹ̀ ló mọ bó ṣe rí. Èmi kò sọ pé kí kọmíṣọ́nnà iṣẹ́ òde lọ gé sípíríǹgì ọkọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó sanwó fún agbaṣẹ́ṣe tó bá parí títì kan, kí wọ́n jókòó sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, kí wọ́n gba ibẹ̀ kọjá ní ọjọ́ òjò. Ohun tí ìdí wọn bá sọ fún wọn ni kí wọ́n kọ sínú ìwé.