Nígbà Tí Ẹsẹ̀ Àbúrò Mi Kò Gbọ́ Tirẹ̀ Mọ́

Ásímà ni gbogbo wa mọ̀ mọ́ àbúrò mi obìnrin. Ní ilé wa ní Ọ̀yọ́, bí ọyẹ́ bá ti dé, imú rẹ̀ a dí, àyà rẹ̀ a sì máa súfèé títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ọdún púpọ̀ ni ó fi ń lo prednisolone. Oògùn náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó wú u lójú, ó sì fẹ́ sọ ọ́ di alátọ̀gbẹ. Nígbà tí oníṣègùn fún un ní oògùn mìíràn, tí ó ní kí ó máa dín ti àtijọ́ kù, inú wa dùn.

Kò pé oṣù méjì tí ẹsẹ̀ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í jó o bí ẹni tẹ ata. Lẹ́yìn náà ni ó kú. Sálúbàtà a bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lọ́jà Akẹ́sán, kò ní mọ̀, àfi bí ọmọ ẹlẹ́lùbọ́ bá ké sí i pé, “Àǹtí, bàtà yín ti bọ́ o!” Àwọn kan ní làkúrègbé ni. Àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni. Màámi ní tiwọn ní kí ó da oògùn tuntun náà nù.

“Màámi, ẹ jẹ́ kí a dé Ògbómọ̀ṣọ́ ná,” ni mo wí. Láti 1907 ni àwọn Onítẹ̀bọmi ti ń ṣe ìwòsàn ní ìlú náà. Ẹsẹ̀ àwọn ará Ọ̀yọ́ mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ó tú àṣírí. Sẹ́ẹ̀lì funfun kan tí à ń pè ní eosinophil ti pọ̀ kọjá ààlà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì ń ba àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké jẹ́, títí kan àwọn tí ń bọ́ iṣan tí ń gbé ìmọ̀lára àti àṣẹ ọpọlọ lọ sí ẹsẹ̀. Ebi ń pa iṣan náà kú lọ ni. EGPA ni orúkọ àrùn náà. Jacob Churg àti Lotte Strauss ni ó ṣàpèjúwe rẹ̀ ní New York ní 1951.

Ní 1998, àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa ènìyàn 8 tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí nígbà tí wọ́n ń lo zafirlukast. Oògùn tuntun ni wọ́n kọ́kọ́ fura sí, gẹ́gẹ́ bí Màámi. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé prednisolone àti àwọn ẹbí rẹ̀ ni ó ti ń bo àrùn náà mọ́lẹ̀. Bí omi ti ń fà ni òkúta ń yọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń dín irú oògùn bẹ́ẹ̀ kù, tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣàdédé kú, kí ó tètè padà sọ́dọ̀ oníṣègùn. Kí ó má sì dá oògùn dúró lójijì.

Wọ́n dá prednisolone padà, wọ́n fi oògùn mìíràn kún un. Mepolizumab wà, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún àrùn yìí ní 2017, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ju agbára wa lọ.

Ẹsẹ̀ náà ti ń gbéra báyìí, ó ku ìka méjì tí kò tíì mọ nǹkan lára. Wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í dín oògùn náà kù, díẹ̀ gan-an. Ní àràárọ̀, kí ó tó wọ bàtà, ó máa ń di ojú, èmi a sì máa fọwọ́ kan ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sọ èyí tí mo kàn.