Alùpùpù Tí Kò Ṣiṣẹ́ Mọ́: Ṣé Ká Rà Á?

Bí ẹnìkan bá fẹ́ ta alùpùpù àtijọ́ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ fún yín, ẹ má tíì tọwọ́ bọ àpò. Owó àgbàdo ọdún kan lè bá a lọ.

Ẹ kọ́kọ́ ka ìwé rẹ̀. Nọ́ńbà tó wà lára irin gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé mu. Bí kò bá bá a mu, ẹ máa lọ sílé: olè lè ti jí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Bí ibi tí à ń tẹ̀ kò bá mira rárá, inú ẹ̀rọ ti gan. Bó bá mira, kí mẹkáníìkì tú búùjí, kó fi àtàǹpàkò dí ihò rẹ̀, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ìka náà pẹ̀lú agbára, ẹ̀rọ ṣì lókun. Bí kò bá tì í, inú rẹ̀ ti jẹ. Owó ńlá nìyẹn.

Ẹ wá mú ìwé àti bíìkì. Ká sọ pé wọ́n pè é ní 60.000 fráǹkì. Àtúnṣe ẹ̀rọ 45.000, táyà méjì 20.000, bátìrì àti wáyà 15.000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 140.000.

Ẹ béèrè iye tí irú rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ń lọ lọ́jà. Bó bá jẹ́ 150.000, èyí tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ rà. Bó bá jẹ́ 250.000, tí èèlò rẹ̀ sì wà lọ́jà, ẹ lè ra ti àtijọ́.

Ẹnu ẹni tó ń tajà a máa dùn. Ìṣirò tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ ni kí ẹ tẹ̀ lé.