Ẹlẹ́rìí Kan Kò Tó

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè wa tí mo máa ń gbé yẹ̀ wò lọ́pọ̀ ìgbà: ẹ̀rí-ọkàn. Ẹni tí ó dá ọ̀rọ̀ náà kò pè é ní òfin ọkàn tàbí àṣẹ ọkàn. Ẹ̀rí ni ó pè é, bí ẹni pé olùwòran kan jókòó sí inú ọmọ ènìyàn, tí ó ń rí gbogbo ohun tí ó ń ṣe, tí ó sì lè jáde wá sọ ohun tí ó rí. Ṣùgbọ́n ìwúlò wo ni ẹlẹ́rìí ní, bí kò bá sí ẹni tí yóò kín in lẹ́yìn? Ìbéèrè yìí ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbà tí a bá ń gbàdúrà fún orílẹ̀-èdè wa ní àríwá Èkìtì, láti Ìkọ̀lé dé Ọyẹ́ títí wọ Ìdó. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí, a ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó fún wa ní aṣáájú rere. Àmín wa máa ń rinlẹ̀ dáadáa. Bí ọjọ́ ìbò bá wá dé, a ó tún fi iṣẹ́ tí ó jẹ́ tiwa sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlọ́. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí. Nígbà tí a dìbò gómìnà ní oṣù kẹrin ọdún 2007, àjọ elétò ìdìbò kéde Ṣẹ́gun Òní, ọmọ Ìfàkì-Èkìtì, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó wọlé. Káyọ̀dé Fáyẹmí, ọmọ Ìsàn-Èkìtì, gba ilé ẹjọ́ lọ. Ní oṣù kejì ọdún 2009, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn pàṣẹ pé kí wọ́n tún ìbò dì ní wọ́ọ̀dù 63 nínú ìjọba ìbílẹ̀ 10. Ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ni wọ́n tún un dì, èsì ìjọba ìbílẹ̀ Ìdó-Òsì sì di egungun tí ó há gbogbo ìpínlẹ̀ náà lọ́fun.

Ìyá àgbàlagbà kan, Arábìnrin Àyọ̀ká Adébáyọ̀, ni kọmíṣánnà àjọ náà ní Èkìtì nígbà náà. Dípò kí ó kéde èsì, ìwé ni ó kọ pé òun fi iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí ẹ̀rí-ọkàn òun gẹ́gẹ́ bí Kristẹni kò gba òun láyè láti bá ètò náà lọ mọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún, ó kéde pé Òní ni ó wọlé. Ẹjọ́ tún bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 2010 ni ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Ìlọrin tó dájọ́ pé Fáyẹmí ni ó jáwé olúborí. Ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ ni a fi wá ìdáhùn sí ìbò ọjọ́ kan.

Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń fi ìyá yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ẹ̀rí-ọkàn tí ó jáde lónìí tí ó sì wọlé padà lọ́la, irú ẹ̀rí wo nìyẹn? Èmi kò lè bá wọn rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo rí nínú ìtàn náà ni pé a gbé ẹrù odindi ìpínlẹ̀ ka orí ènìyàn kan ṣoṣo, a wá dúró lókèèrè láti wò ó bóyá ọrùn rẹ̀ yóò gbà á.

Ẹ̀sìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó wà láàárín wa mọ̀ pé kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Òfin Mósè ní ẹnu ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta ni a ó fi fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Kùránì ní kí a pe ẹlẹ́rìí méjì nígbà tí a bá ń kọ ìwé gbèsè. Ní ti Ifá, Ẹlẹ́rìí-ìpín ni a ń ki Ọ̀rúnmìlà, nítorí ó wà níbẹ̀ nígbà tí orí kọ̀ọ̀kan ń yan ìpín tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Ìrè-Èkìtì, ìlú Ògún, kò jìnnà sí Ọyẹ́. Títí di òní, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ tí ó bá fẹ́ jẹ́rìí ní kóòtù lè fi irin búra, kí Ògún lè bá a gbọ́ ohun tí ó fẹ́ sọ. A máa ń sọ̀rọ̀ ẹ̀mí bí ẹni pé ó parí sáàárín èmi àti Ẹlẹ́dàá mi. Síbẹ̀, orí tí ó jẹ́ tèmi nìkan pàápàá, ó ní ẹni tí ó bá a dúró nígbà tí ó ń yàn.

Àwọn ìyá wa ní Èkìtì mọ èyí. Láàárín ọjọ́ tí gbogbo ìpínlẹ̀ ń retí èsì yẹn, wọ́n jáde sí ìgboro Adó-Èkìtì, wọ́n bọ́ aṣọ òkè ara wọn, wọ́n sì fi ọmú sílẹ̀ gbalaja. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ ohun tí ó túmọ̀ sí bí ìyá bá ṣí ọmú sí ọmọ? Èpè ni, àdúrà ni, ẹ̀rí sì ni pẹ̀lú. Ìyá kan lè ṣe é kí wọ́n pè é ní wèrè. Nígbà tí wọ́n pọ̀, gbogbo Nàìjíríà gbọ́.

Kí ni àwa ọmọ wọn wá ṣe pẹ̀lú ẹ̀rí tiwa? Nígbà ìdìbò gómìnà ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 2018, gbólóhùn kan gba ẹnu gbogbo Èkìtì: "Dìbò kí o sebẹ̀." N kò ní fi ebi ẹnikẹ́ni ṣe ẹlẹ́yà; ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí olówó náà rà gan-an. Ìbò ọjọ́ kan ni a rò pé a tà, ẹlẹ́rìí ọdún mẹ́rin ni ó sì rà lọ. Ẹni tí ó gba owó kò ní lè dìde lọ́la láti bi gómìnà léèrè ọ̀nà àti omi. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: ẹnu tí ó bá jẹ dòdò kì í lè sọ òdodo. Òfin Ìdìbò ọdún 2022 pàápàá kò ya ẹni tí ó fúnni sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó gbà. Ó dá ìtanràn tí ó lè tó ₦500,000 fún wọn, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 12, tàbí méjèèjì.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 2022, tí a tún dìbò gómìnà, mo dúró sí ibùdó ìdìbò kan nítòsí Ìkọ̀lé títí wọ́n fi ka ìbò tán. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó dìbò ti lọ sílé. Bàbá àgbẹ̀ kan jókòó sórí àpótí, ó ń fi bírò kọ iye ìbò ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé kékeré kan bí wọ́n ṣe ń pè é. Mo kí i, mo sì bi í pé, "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹgbẹ́ wo ni ẹ ń ṣojú fún?"

Ó wò mí. Ó ní, "N kò ṣojú fún ẹgbẹ́ kankan, ọmọ mi. Mo ti gbàdúrà láàárọ̀. Mo wá wo bí àmín ṣe ń lọ."

Ọ̀rọ̀ bàbá yẹn ni mo rí kọ́ jù lọ nípa ẹ̀mí àti òṣèlú. Ohun tí ó ṣe kò gba owó, kò sì gba ipò. Lónìí, ó tilẹ̀ rọrùn ju ti ọdún 2009 lọ. Wọ́n ń ka ìbò ní gbangba. Òṣìṣẹ́ àjọ náà àti aṣojú àwọn ẹgbẹ́ ń fọwọ́ sí ìwé èsì. Wọ́n ń lẹ èsì mọ́ ara ògiri ní ibùdó. Láti ọdún 2020 sì ni àjọ náà ti ń gbé àwòrán ìwé èsì sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ó bá ní fóònù lè ya àwòrán èyí tí ó wà lára ògiri, kí ó sì fi wé èyí tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ògiri kò lè sọ̀rọ̀, fóònù kò sì lè búra. Ènìyàn ní í jẹ́rìí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má ṣe dẹ́kun àdúrà. Èmi náà kò ní dẹ́kun. Bí ìbò mìíràn bá dé, bóyá Ìdó ni ẹ wà ni o, tàbí Ọyẹ́, tàbí Ìkọ̀lé, ẹ dìbò, kí ẹ sì mú ọ̀rẹ́ kan dání tí ẹ ó jọ dúró títí wọn yóò fi kà á tán. Bí ẹ bá jẹ́ méjì, ẹ ti pé ẹlẹ́rìí. Ẹni tí yóò fọwọ́ sí ìwé èsì lọ́jọ́ náà lè jẹ́ ẹni tí ẹ̀rí-ọkàn ń dà láàmú, tí ó ń wo ọ̀tún wo òsì láti mọ̀ bóyá òun nìkan ni ó kù. Ẹ jẹ́ kí ó rí yín níbẹ̀.